Ẹ má bá a wí, ẹ bá a lọ

Ẹ fi ojú inú wo ahunṣọ kan ní Atakpamé. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ní àràárọ̀, a máa jókòó sí ìdí òfì rẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ igi ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa ju òwú láti ọ̀tún sí òsì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, àti pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ kú. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, òfì dákẹ́. Oògùn wà lórí pẹpẹ, eruku bò ó. Ọkùnrin náà ń sùn ní ọ̀sán, kò sì rí oorun sùn ní òru. Bí ó bá jẹun rárá, búrẹ́dì àti tíì tí ṣúgà kún inú rẹ̀ ni. Egbò kékeré kan ti yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ bìkítà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà wá bẹ̀ ẹ́ wò. Inú bí i. Ó ní: “Ṣé o fẹ́ kú ni? O kò tilẹ̀ ro ti àwọn ọmọ rẹ?” Ahunṣọ náà tẹ orí ba, kò fèsì. Ọ̀rẹ́ náà jáde, ó rò pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Ahunṣọ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ọ̀rẹ́ irú rẹ̀ náà wà. Ìfẹ́ ni ó mú ọ̀rẹ́ náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ibi tí àìsàn wà.

Àìsàn méjì nínú ara kan

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Thomas Willis kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbànújẹ́ tí ó pẹ́ wà lára ohun tí ń fa àtọ̀gbẹ. Nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ni ó ń wò, ó sì rí i pé ìbànújẹ́ àti àtọ̀gbẹ ń bá ara wọn rìn.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti mọ̀ pé òtítọ́ wà nínú ohun tí ó rí. Ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju bí ó ti wà láàárín àwọn tí kò ní in lọ.

Kí ni ìsoríkọ́? Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ọkàn ènìyàn bá wúwo ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò sì wù ú mọ́, ó yẹ kí á fura. Oorun rẹ̀ a dàrú. Oúnjẹ a máa kọ ẹnu rẹ̀, tàbí kí ó máa jẹ àjẹjù. Yóò máa rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Yóò máa rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọ́ràn. Aláìsàn ni.

Nígbà tí ìdààmú bá pẹ́ lára ènìyàn, ara a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé ewu ń bọ̀. Àwọn èròjà wọ̀nyí ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀: iṣan ojú, iṣan kíndìnrín, iṣan ẹsẹ̀, àti iṣan ọkàn. Èdè Yorùbá kò ṣìṣe nígbà tí ó fi orúkọ kan náà pe ọkàn tí ń lù ní àyà àti ọkàn tí ń banújẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Láti gbé oògùn mì, láti fọ ẹsẹ̀ kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò, láti rìn dé ilé ìwòsàn, ó yẹ kí ó wu ènìyàn láti wà láàyè. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni ìsoríkọ́ máa ń kọ́kọ́ kọlù. Ìdí nìyí tí ìbáwí kò fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a tún gbé ẹ̀bi lé e lórí, báwo ni yóò ṣe dìde?

Ohun tí Aro fi hàn

Ọmọ Abẹ́òkúta kan rí ọ̀nà mìíràn. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas Adéoyè Lambo. Ní 1923 ni a bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sílé láti tọ́jú àwọn tí àìsàn ọkàn àti ti ọpọlọ ń bá jà.

Ní 1954, ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ó sì fi òfin kan lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìbátan kan, bóyá ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá a wá. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní àárọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán.

Oògùn wà ní Aro, Lambo kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oògùn nílò ẹsẹ̀ tí yóò gbé aláìsàn dé ìdí rẹ̀, àti ènìyàn tí yóò jókòó tì í. Nígbà tí ó yá, Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Alexander Leighton, tún ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Ní 1963 ni ìwé wọn jáde. Wọ́n rí i pé àwọn Yorùbá ibẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí àwọn dókítà òyìnbó ń pè ní ìsoríkọ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ wà láàárín wọn. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ máa fetí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wí pé “ayé sú mi”, tàbí “ara mi wúwo”, tàbí “ìrònú kò jẹ́ kí n sùn”, ó lè jẹ́ àìsàn yìí ni ó ń sọ.

Ìjókòó àwọn ìyá àgbà

Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Dixon Chibanda. Ní 2005, obìnrin kan tí ó ń tọ́jú gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó yẹ kí obìnrin náà padà wá rí dókítà, ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀. Dọ́là 15 ni owó náà.

Chibanda kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Bí aláìsàn kò bá lè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ta ni ó wà nítòsí rẹ̀? Ní 2006, ó kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní àdúgbò Mbare, ní ìlú Harare, bí a ti ń fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Wọ́n gbé ìjókòó onígi sí àyíká ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà a jókòó, aláìsàn a jókòó tì í, wọn a jọ sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kì í pàṣẹ. A máa béèrè ìṣòro wo ni ó tẹ́ aláìsàn lọ́rùn láti kọ́kọ́ dojú kọ, wọn a sì jọ wá ọ̀nà.

Ní 2016, àbájáde ìwádìí lórí iṣẹ́ wọn jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 ènìyàn tí ó bá àwọn ìyá àgbà jókòó, bíi 14 ni àmì ìsoríkọ́ ṣì wà lára wọn. Nínú 100 tí wọ́n tọ́jú lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, 50 ni.

Àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí kì í ṣe dókítà. Wọ́n gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní sùúrù.

Ohun tí ọ̀rẹ́ lè ṣe ní Atakpamé

Èkíní, ẹ lọ sí ilé rẹ̀, ẹ má sì fi oògùn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. “Ọ̀rẹ́, ìwọ ni mo wá kí. Báwo ni ọkàn rẹ?” Bí ó bá jù yín lọ: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo wá kí.” Bí ó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì.

Èkejì, ohun kékeré kan ṣoṣo ni kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ jẹun àárọ̀, kí ó lo oògùn rẹ̀ níṣojú yín. Ẹ jọ rìn díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kò sí oúnjẹ àjèjì tí ó pọn dandan. Ẹ dín òkèlè iyán kù, ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un. Ẹ dín iyọ̀, ṣúgà àti sódábì kù.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má sọ pé “lọ sí ilé ìwòsàn”. Ẹ sọ pé: “Mo ń lọ wọn tásíọ̀n mi ní ọ̀la, bá mi lọ.” Bóyá ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ni, bóyá ilé ìwòsàn ńlá ti àgbègbè, tí a ń pè ní CHR, ẹ jọ dé ibẹ̀. Bí owó zémidjan bá ni ìṣòro, kí àwọn ọ̀rẹ́ dá a jọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú ìwé àti bíìrò dání. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ lè ṣe iṣẹ́ ńlá níhìn-ín. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ tásíọ̀n, ẹ kọ ṣúgà. Bí tásíọ̀n bá ń dé 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ń ru nìyẹn. Bí ṣúgà àárọ̀, kí á tó jẹun, bá dé 1,26 gíráàmù nínú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí ó ti ń gba ìtọ́jú, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà iye tí ó yẹ kí tirẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ó fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún dókítà. Aláìsàn lè sọ ti egbò ẹsẹ̀, kí ó má sọ pé òun kò sùn mọ́. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ bá a sọ ọ́. Ìtọ́jú wà fún ìsoríkọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni yóò lọ sí ilé ìwòsàn Zébé, nítòsí Aného. Ọ̀pọ̀ ni a lè tọ́jú nítòsí ilé. Bí ó bá ń mu àgbo, kí dókítà gbọ́. Kí ó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má dá ẹrù náà gbé. Ẹ pe àbúrò rẹ̀, ẹ pe aládùúgbò, ẹ pín ọjọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ó lè jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní kóró ṣúgà mẹ́ta, ẹ sì dúró tì í. Bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún fún un, ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ púpọ̀, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó ń bì, tí ó ń mí kíkankíkan, ilé ìwòsàn ni. Bí àyà bá ń fún un pinpin, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn ni. Egbò ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó dé iwájú dókítà.

Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ bi í léèrè láìfi bò: “Ṣé ó ń wá sí ọkàn rẹ láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò ikú sí ọkàn ènìyàn, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un láti sọ̀rọ̀. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn apakòkòrò oko àti àwọn oògùn tí ó pọ̀ kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ahunṣọ nì. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó ti tún dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí zémidjan méjì ń dúró níta. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bínú. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òfì tí ó ti dákẹ́, ó ní: “Mo ń lọ wọn tásíọ̀n mi. Mi ò fẹ́ dá lọ.”

Ahunṣọ náà kò fèsì. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó ń wá bàtà rẹ̀.