Ẹ̀tù fún Àwọn Òkú Nagaoka

Bí ògbólógbòó ọdẹ bá kú nílẹ̀ wa, ìró ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ túfọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rọ ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ sókè, á dún gbàmù títí ewúrẹ́ á fi já okùn. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí kò ní ṣi ọ̀rọ̀ Nagaoka gbọ́.

Etí odò Shinano ni ìlú náà wà nílẹ̀ Japan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí àṣá ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Tokyo kí wákàtí méjì tó pé. Lọ́dọọdún, lálẹ́ ọjọ́ 2 àti 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run níbẹ̀. Ooru ìgbà náà ò yàtọ̀ sí tiwa. Àwọn èèyàn á wọ yukata, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní sétí odò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bángà Kérésì táwọn ọmọ ń jù sẹ́sẹ̀ ara wọn lẹ fẹ́ rí o.

Sanshakudama lọ̀gá inú wọn. Bọ́ọ̀lù ràgàjì ni, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ìwúwo rẹ̀ sì tó àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́fà. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára ní ìpele-ìpele. Kóró ẹ̀tù ló kún inú rẹ̀, róbótó bíi kúlíkúlí: wọ́n á yí i nínú ẹ̀tù tútù, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tún yí i, wọ́n á tún sá a. Ó ń gòkè tó mítà 600 kó tó là. Ojú yín á ti rí i tán kí ìró rẹ̀ tó wá gbá yín láyà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ná ẹ̀tù báyìí? Ní aago 10:30 alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1945, bàálù ogun Amẹ́ríkà dáná sun ìlú náà. Èèyàn tó lé ní 1,480 ló kú. Títí dòní, bí aago yẹn bá ti lù lọ́jọ́ yẹn, agogo àwọn tẹ́ńpìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, iná funfun báláú tí wọ́n ń pè ní Shiragiku á sì là lókè. Kò ní àwọ̀ mìíràn. Kase Seiji tó ṣe é ti ṣẹ̀wọ̀n ogun rí ní Siberia, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú síbẹ̀ ló sì ṣe é fún. Lọ́dún 1990, ó gbé e lọ sí ìlú Khabarovsk nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ó yìn ín lórí odò Amur.

Lójú tèmi, àsè òkú ni gbogbo àrà ọjọ́ 2 àti 3. Ìbọn òkú gan-an ni ti ọjọ́ 1. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má dúró di ọjọ́ 2 o. Ẹ ti wà nílùú náà ní ọjọ́ 1, kó tó di aago 10:30 alẹ́.