Díìsìkì Méjì Bí Ìbejì: Ààbò fún Ìwé Àwìn àti Fọ́tò Yìgì ní Ṣàngó

Ní Ṣàngó, n'Ílọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, kọ̀ǹpútà ti kúrò lóhun tí wọ́n ń lọ wò ní ọ́fíìsì ìjọba. Onífọ́tò ń kó àwòrán yìgì àti wòlímọ̀ sínú ẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó ní ọmọ tó kàwé ń ní kó bá òun kọ orúkọ àwọn tó ra àwìn síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni gbogbo ẹ̀ wà, háàdì díìsìkì. Irin náà lè kú láìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó kò ní í tún yìgì ṣe torí pé kọ̀ǹpútà onífọ́tò bàjẹ́. Ajẹgbèsè tó bá sì gbọ́ pé ìwé ti sọnù, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa sọ!

Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ tinú kọ̀ǹpútà fi ń ki díìsìkì méjì bọ̀ ọ́. Ẹ pè wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ohun tí wọ́n bá kọ sára Táíwò, lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sára Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Lọ́dún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California ní Berkeley, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé díìsìkì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n so pọ̀ lè ṣiṣẹ́ ọ̀kan gìrìwò olówó gọbọi. RAID ni wọ́n pè é. Oníbejì yìí ni wọ́n fi ṣe ìkíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń ṣe é ṣáájú wọn.

Kò gba ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Ó wà nínú Windows Pro. Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń fi mdadm ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kọ́kọ́ da ohun tó wà nílẹ̀ kọ síbòmíràn, torí àṣìṣe díẹ̀ lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Terabyte kan lọ́nà méjì, terabyte kan péré lẹ máa rí lò. Tòkunbọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ nìyí: Táíwò lè ti kú láti oṣù mẹ́ta, kí Kẹ́hìndé máa dá ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fura. Lórí Linux, ẹ ní kí ọmọ ṣí /proc/mdstat. Bó bá rí [UU], àwọn méjèèjì wà láàyè. Bó bá rí [U_], ọ̀kan ti lọ, ẹ wá òmíràn lọ́jọ́ náà.

Iná ńkọ́? Láti 2013 ni IBEDC ti gbà á, àmọ́ NẸ́PÀ lẹnu ṣì ń pè é. Bó bá lọ lójijì láàárín ìkọ̀wé, ọ̀rọ̀ ara àwọn méjèèjì lè má bára mu mọ́. Ẹ wá UPS kékeré kan.

Ìbejì yìí kò sì gba èèyàn lọ́wọ́ ohun gbogbo o. Bí ọmọ bá ṣèèṣì pa orúkọ onígbèsè rẹ́ lára Táíwò, ó ti pa á rẹ́ lára Kẹ́hìndé nìyẹn. Olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà, méjèèjì ló gbé lọ. Díìsìkì kẹta ló kù, èyí tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á da ọ̀rọ̀ kọ sí, tí wọ́n á tún yọ. Ìdòwú nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé àbúrò yín ní Kúléndé ni kó máa sùn.