Ohun tí Nọ́ńbà Ẹ̀gbẹ́ Táyà ń Sọ

Bí awakọ̀ bá yà sọ́dọ̀ fọganáísà ní Òkè Àdó láti ra táyà tókunbọ̀, ohun méjì ni ó sábà máa ń bèèrè: èló ni, àti pé ṣé kò tíì dán? Láti ìgbà tí Michelin ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà lẹ́yìn náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ti ń wọlé. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Bí a bá rí 195/65R15 91V, ìbú táyà ni 195, ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà rárá; gíga ẹ̀gbẹ́ táyà ni, ìdá 65 nínú 100 ìbú rẹ̀. R ń sọ pé okùn inú rẹ̀ lọ tààrà láti etí kan dé èkejì. Ríìmù oní-íǹṣì 15 ni ó bá a mu. 91 ni ẹrù, kìlógíráàmù 615 fún táyà kan. V ni eré, kìlómítà 240 ní wákàtí kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò nílò lọ́nà Èkó.

Ọjọ́ orí táyà wà níbi nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí ìlà DOT. 2316 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, ṣáájú ọdún 2000 ni a ti ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Táyà tí kò dán lè ti sán nínú, kí ó sì bẹ́ nígbà tí eré bá mú un gbóná. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọjọ́ yìí sábà máa ń wà, nítorí náà kí fọganáísà yí táyà náà síhà kejì kí ó tó fi sí ríìmù.