Irin Ni À Ń Dán Wò, Ènìyàn Ńkọ́?

Ẹni tí ó bá gba títì Ìkòròdú kọjá Kétu àti Mile 12 yóò dé Owódé Onírin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ ọjà náà kò fi ohun tí à ń tà níbẹ̀ pamọ́: ọ̀pá irin, irin pẹlẹbẹ, àlòkù irin, ẹ́ńjìnnì àti páàtì ọkọ̀ tí ó ti òkè òkun dé. Ẹni tí ó bá mọ irin í rà kì í ti ojú ọ̀dà dá a lẹ́jọ́. Yóò ha ojú ibi tí ó dípẹtà kí ó lè mọ bí ìpẹtà náà ti jìn tó. Yóò fi òòfà kàn án, kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n ti fi ohun mìíràn dí ihò rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Yóò lù ú, yóò sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, nítorí irin tí ó sán nínú kì í dún bí èyí tí ó pé. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, yóò ní kí wọ́n tàn án. Ẹni tí ń tà á kì í bínú. Ó mọ̀ pé bí òwò irin ti rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí oníbàárà yìí tó dé ìdí irin rárá, ó ti yan ìsọ̀ tí yóò yà sí. Kí ni ó fi yàn án? Ilà ojú ni ó wò, tàbí fìlà, tàbí ohùn ẹni tí ó kí i káàbọ̀. Ó ní, ‘Irú àwọn wọ̀nyí kò ṣe é bá ṣòwò,’ ó sì kọjá lọ. Kò ha ohunkóhun, kò lu ohunkóhun. Ìdájọ́ tí kò jẹ́ ṣe fún àlòkù irin ni ó ṣe fún ọmọ ènìyàn.

Kí a má ṣe rò pé àìkàwé ni ó fa èyí. Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, yẹ máàkì tí àwọn ọ̀gá ológun fún àwọn ọmọ ogun wọn wò. Ọ̀tọ̀ ni máàkì fún ọgbọ́n orí, ọ̀tọ̀ ni ti ìdúró ara, ọ̀tọ̀ ni ti aṣíwájú, ọ̀tọ̀ sì ni ti ìwà. Ó rí i pé máàkì wọ̀nyí bára mu ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ìdúró rẹ̀ wu ọ̀gá, ọ̀gá a máa rí ọgbọ́n àti ìwà rere lára rẹ̀ pẹ̀lú. Thorndike fi í wé ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ayàwòrán máa ń fi yí orí ẹni mímọ́ ká. Àwa Yorùbá kò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n: ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Ó ṣe ni láàánú pé bí ìmọ̀ràn ni a ti ń pa òwe yìí fún ẹni tí ń múra ròde. A kì í sábà pa á bí ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń wòran.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí fìlà àti owó ẹ́ńjìnnì, ìbá rọrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá ní Mile 12, nítòsí Owódé Onírin níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Akínwùnmí Ambode sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ìtàn bí ó ti bẹ̀rẹ̀ kò bára mu lẹ́nu àwọn tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn aáwọ̀ láàárín ènìyàn díẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó ti di ti ẹ̀yà méjì. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀, ti rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi láti ojú aṣọ tí ó wọ̀. Aláta tí ó ti ń ra tòmátì lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ń wo ẹni yìí bí àlejò.

Thomas Pettigrew ti ṣe àlàyé irú ìrònú yìí ní ọdún 1979. Bí ará ilé wa bá hùwà búburú, a ní ipò tí ó bá ara rẹ̀ ni ó fà á: ebi ń pa á, wọ́n mú un bínú ni. Bí ó bá jẹ́ ará òde ni, a ní àbínibí wọn ni. Ẹ̀wẹ̀, bí ará òde bá ṣe rere, a ní oríire ni, tàbí pé ẹni yẹn kò dà bí àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ẹni náà lè ṣe tí yóò yí ọkàn wa padà.

Kí ni ṣíṣe? Ìmọ̀ràn tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kí oníkálùkù yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò, kí ó sì pinnu láti má ṣe ojúsàájú. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó. Ní ọdún 2002, Emily Pronin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tí wọ́n bi léèrè gbà pé ẹ̀tanú wà nínú ènìyàn. Wọ́n kàn rò pé ó wà nínú àwọn ẹlòmíràn ju inú tiwọn lọ ni. Ìwádìí mìíràn, tí Charles Lord, Mark Lepper àti Elizabeth Preston ṣe ní ọdún 1984, tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju èyí lọ. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀rí kà lórí ìjìyà ikú fún apànìyàn, ọ̀ràn tí olúkúlùkù ti dúró sí apá kan nínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n ṣe ẹ̀tọ́, kí wọ́n má gbè sápá kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tún nǹkan ṣe. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa bi ara wọn léèrè pé, ‘Bí ẹ̀rí yìí gan-an bá gbe apá kejì ni, ṣé báyìí náà ni n ó ṣe dá a lẹ́jọ́?’ Ìbéèrè yìí ni ó ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà wa ti fi irú rẹ̀ sí ìdí ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò ní kí àgbà jẹ́ ẹni mímọ́ tí kì í fẹ́ràn ẹnìkan ju ẹnìkejì. Ohun tí ó ní kí ó ṣe ni pé kí ó pe ẹnìkejì kí ó wá rojọ́. Ìlànà náà ni ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36.

Ó kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Daniel Kahneman sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 pé nígbà tí òun ń ka ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan tán kí òun tó mú ti ẹlòmíràn, òun ṣàkíyèsí pé ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kìn-ín-ní dára, òun a máa fojú fo àṣìṣe rẹ̀ nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ó wá yí ọwọ́ padà: ó ka ìdáhùn gbogbo wọn sí ìbéèrè kìn-ín-ní kí ó tó bọ́ sí ìkejì, ó sì ń kọ máàkì sí ibi tí ojú rẹ̀ kò ti ní tún bọ́ sí i. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó tẹ̀ lé e: kò tù ú lára. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ń lọ sókè sódò, ìdánilójú tí ó ní tẹ́lẹ̀ sì dín kù. Ìdánilójú yẹn gan-an ni ọ̀dà tí ó bo irin lójú. Olùkọ́ tí ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ òun, tàbí pé òmíràn kì í kí òun, lè fi ìwé bo orúkọ kí ó tó ṣí ìdáhùn. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Oníbàárà wa ní Owódé Onírin náà lè bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó kọjá ìsọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò tù ú lára: ‘Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú mi ni ó ń ta ẹ́ńjìnnì yìí ní iye yìí, kí ni ǹ bá ní kí ó ṣe?’ Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Yóò ní kí ó tàn án kí òun gbọ́.