Ìrora Abẹ́ Ìdodo Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gbé ìrora abẹ́ ìdodo wá sọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn ló ti fara dà á fún ọdún pípẹ́. Wọ́n ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ti ra oògùn ní kẹ́mísì, àwọn àgbà sì ti ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé tí wọ́n bá bímọ, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá ti pé oṣù 6 lára, yálà ó ń lọ tó ń bọ̀ tàbí kò fibẹ̀ sílẹ̀ rárá, ti kúrò ní ohun àmúmọ́ra.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà àrùn obìnrin fojú bù ú pé nínú obìnrin 6, ọ̀kan ní in. Tí ẹ bá wo àwọn tó jókòó tì yín lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa rọ́jú níbẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ohun tó tẹ́ inú ilé ọmọ, èyí tó ń wó jáde bíi nǹkan oṣù, lè hù síta ilé ọmọ, sára ìfun tàbí àpòòtọ̀. Ẹndométríósìsì nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń bá nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ jà. Skáànù lè má rí i.

Àtọ̀sí àti klamídíà tí a kò tọ́jú tán lè gun òkè lọ sílé ọmọ, kí wọ́n sì fi àpá síbẹ̀. Klamídíà kì í sábà pariwo. Ó lè wà lára láìsí àmì kankan. Ọkọ gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú ìyàwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò tún kó o ran ara wọn. Kòkòrò tó wọlé lẹ́yìn ìbímọ tàbí oyún ṣíṣẹ́ náà lè fi àpá sílé ọmọ.

Lára ohun tó ń fà á, fáíbírọ́ìdì wà níbẹ̀, ojú iṣẹ́ abẹ tó lẹ̀ mọ́ra wà níbẹ̀, ìgbẹ́ gbígbẹ àti àìsàn àpòòtọ̀ náà wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bíi méjì mẹ́ta ló máa ń pàdé lára ẹnì kan.

Nígbà mìíràn, dókítà á fi kámẹ́rà wo inú ikùn, kò ní rí nǹkan kan. Irọ́ kọ́ lẹ ń pa. Iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, tí àìsàn bá ti yọ ọ́ lẹ́nu pẹ́, a máa ké lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná. Àìsùn, ìbànújẹ́ àti ìfipábánilòpọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn máa ń dá kún un. Tí nọ́ọ̀sì bá béèrè, ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ̀bi yín kọ́.

Kí ẹ tó wá, ẹ kọ ọjọ́ tí ìrora dé sílẹ̀, ẹ kọ bóyá nǹkan oṣù, ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí ìbálòpọ̀ ló ń ru ú sókè.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù bá sá, tí ìrora ńlá sì dé lójijì, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Oyún lè wà níbi tí kò yẹ. Ẹ wá lóru náà.