Bí ọmọṣẹ́ yín bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ méje péré lẹ ní

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú dáadáa mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń mọ àdúgbò náà. Láti Fọlá Agoro títí wọ inú Ṣómólú, kò sí irú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ tẹ́ ò ní rí ẹni tó máa bá yín tẹ̀ ẹ́: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, títí dórí páálí tí wọ́n ń di ọjà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, táwọn ọmọṣẹ́ ò sùn mọ́jú, ìgbà náà ni ìjàǹbá máa ń yọjú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà kò mọ ìka yàtọ̀ sí bébà.

Tó bá ṣẹlẹ̀ báyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, a ò lè bá wọn wí. Àmọ́ owó ọsibítù lè gbé ṣọ́ọ̀bù kékeré wólẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ ni pé àwọn nìkan kọ́ ló yẹ kó ru ẹrù náà.

Láyé ìgbà òfin ọdún 1987, ọ̀gá ló máa lọ ra ìnṣọ́ránsì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Lóṣù Kejìlá, ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun, ìyẹn Employees' Compensation Act, tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Látìgbà náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló di adójútòfò lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́, tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́.

Kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan owó oṣù ni ọ̀gá ń san fún àjọ náà. Ká ní ẹ ní òṣìṣẹ́ 5, tí kálukú ń gba N70,000, àpapọ̀ owó oṣù wọn jẹ́ N350,000, ohun tẹ́ ẹ máa san lóṣù ò ju N3,500 lọ. Àpò ọ̀gá ni owó yìí ti ń jáde o. Òfin ò gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ọmọṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ fetí sí èyí. Òfin náà ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ náà mọ́ ọn, yálà ẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé àbí ẹnu lásán lẹ fi ṣàdéhùn. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń fún wọn lóṣù náà sí i, ì báà jẹ́ owó oúnjẹ lẹ pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fara pa. Ọ̀gá ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7 tó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ikú ni, lójú ẹsẹ̀ ni. Ọmọ míì á fi ọgbẹ́ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá, ìgbà tí ọwọ́ bá wú ló tó sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àtohun tó fà á, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì ọsibítù. Ọdún kan ni òfin fi sílẹ̀ láti béèrè owó gbà-má-bínú fúnra rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín, ó kù sọ́wọ́ àjọ. Ojúṣe rẹ̀ ni láti gbé ìnáwó ìtọ́jú, tó fi mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Bí ẹ̀yà ara bá bàjẹ́ títí ayé, wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò ohun tó tọ́ sí onítọ̀hún. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀, náírà 90 nínú 100 náírà owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń san. Ìyàwó ẹni tó ń gba N70,000 á máa rí N63,000 gbà lóṣù. Lábẹ́ òfin àtijọ́, owó oṣù 42 ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. Kódà, ẹni tó fara pa nínú dáńfó nígbà tó ń bọ̀ níbi iṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Bàrígà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àwọn kan máa ń ní kí bàbá ọmọ buwọ́ lùwé pé òun ti gba owó, òun ò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Òfin ò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ yìí.

Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló tètè mọ NSITF láàárín àwọn onítẹ̀wé, torí wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì. Ọ̀pọ̀ wọn gbà á tán, wọ́n jù ú sínú fáìlì, wọn ò rántí pé owó tí wọ́n ń san lè gbé wọn lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Bí àjọ náà bá kọ̀ láti sanwó, tàbí tí iye tó san ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àti ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tún tẹ́ yín lọ́rùn, ilé ẹjọ́ National Industrial Court ló kàn. Ti Èkó wà ní Ìkòyí.