Kókó Orí Eegun: Ẹ Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Ṣáájú Abẹ



Lọ́dọ̀ àwa tí à ń ta oògùn, àwọn òbí kì í yé wá ra oògùn ìrora àti ìpara fún ọmọ tí orúnkún ń dùn. “Bọ́ọ̀lù ló gbá.” Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń jí ọmọ lójú oorun, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ibẹ̀ sì tún wú, ẹ má fi oògùn bò ó mọ́lẹ̀.

Jẹjẹrẹ eegun kò wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní osteosarcoma sábà máa ń mú ọmọ ọdún 10 sí 20, nítòsí orúnkún. Terry Fox, ọmọ Kánádà, rò pé ìjàǹbá mọ́tò ló fa ìrora tirẹ̀. Ní 1977 wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àrùn yìí lè jọ kókó tí kì í pani. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Nínú ẹ́síréè, èèyàn lè pè é ní àpò ẹ̀jẹ̀ lásán. Wọ́n á là á, wọ́n á ha inú rẹ̀, wọ́n á fi símẹ́ǹtì eegun dí i. Lẹ́yìn náà ni èsì láàbù á dé pé jẹjẹrẹ ni. Gbogbo ibi tí abẹ àti ẹ̀jẹ̀ dé ni jẹjẹrẹ ti lè fọ́n sí. Wọ́n ṣì lè gba ẹsẹ̀ náà là nígbà mìíràn, àmọ́ ẹran tí wọ́n máa gé á pọ̀ sí i. Ẹ má sì gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń to eegun kí wọ́n máa wọ́ ọ.

Ẹ́síréè ni àkọ́kọ́, MRI tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà lọ sí láàbù. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá ni kó pinnu ibi tí abẹ́rẹ́ á gbà wọlé, torí wọ́n máa gé ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ náà mọ́ kókó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbòbí ní Èkó tàbí UCH ní Ìbàdàn.

Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kì í ṣe gígé ẹsẹ̀ ló kàn mọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní kẹ́mò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10. Wọ́n á wá yọ apá eegun náà pẹ̀lú ẹran tó dára díẹ̀ yí i ká, láì la kókó rárá, wọ́n á fi irin tàbí eegun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kẹ́mò á tún tẹ̀ lé e. Owó ńlá ni, a ò ní tàn yín.

Methotrexate wà lára kẹ́mò yìí. Ẹni tó ń gbà á kò gbọdọ̀ dédé lo dikilofẹ́náàkì tàbí ibuprofen, torí wọn kì í jẹ́ kí kíndìnrín yọ methotrexate dànù bó ṣe yẹ. Àgbo náà, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó lò ó.

Orúnkún tí wọ́n fi irin sí lè má tẹ̀ dáadáa mọ́ fún ìjókòó inú ìrun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kírun lórí àga. A ní àga ní mọ́ṣáláṣí.